Kí ló dé tí oòrùn inú yàrá tí mo kọ́pì ò fi ràn?

Àbúrò kan tó ń ṣe POS lágbègbè Òkè-Àdó níbí n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kọ́ ara mi ní painting, acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, ni mo ń lò. Mo rí àwòrán kan lórí fóònù tí ará Denmark kan tó ń jẹ́ Hammershøi yà, yàrá òfìfo, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan, oòrùn gba fèrèsé wọlé. Àwòrán yẹn ò jẹ́ n sùn. Mo ti kọ́pì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, alẹ́ ni mo máa ń ṣe é lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ìlà ẹ̀ pé, fèrèsé ẹ̀ pé, àmọ́ oòrùn ẹ̀ ò ràn, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi ẹfun fa ìlà sára ògiri. Mo fi funfun kún un títí, kàkà kó sàn, ńṣe ló ń burú sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní torí pé ọ̀dà mi kì í ṣe ojúlówó ni, òmíràn ní ẹni tó ń kọ́pì kì í ṣe artist, olè ni. Ṣé kí n lọ ra oil, ọ̀dà tí wọ́n ń fi epo pò, ni, àbí kí n kúkú fi kọ́pì sílẹ̀?"

Àbúrò, o kú ìfaradà. Ẹni tó ti ń ka owó láti àárọ̀, tí àwọn kọ́sítọ́mà ti fi "network ò dáa" fọ́ lórí, tó tún wá jókòó ti kánfáàsì lálẹ́, onítọ̀hún ò kéré. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ sí, ọ̀rọ̀ oil tàbí acrylic kọ́ ló ń dùn ẹ́. Ohun tó ń dùn ẹ́ ni pé gbogbo ohun tójú ẹ rí nínú àwòrán yẹn lo ti gbé sórí kánfáàsì, kò sì ku ẹyọ kan, síbẹ̀ oòrùn kọ̀, kò ràn. Ibi tí ìdáhùn wà náà nìyẹn: àwọn nǹkan inú yàrá yẹn lo kọ́pì, o ò kọ́pì ohun tó wà láàárín wọn. Màá ṣàlàyé, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ olè yẹn, torí tí ò bá kúrò lọ́kàn ẹ, gbogbo èyí tó kù ò ní wọ̀ ẹ́ létí.

Kí ni ọmọ iṣẹ́ ń ṣe nílẹ̀ yìí kó tó gba fúrídọ̀mù? Ọ̀gá gbẹ́ ère kan, ọmọ iṣẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń wò ó, ó ń gbẹ́ irú ẹ̀, ọ̀gá á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á tún un ṣe. Àwòkọ́ṣe là ń pè é, a kì í pè é ní olè. Aina Onabolu tí wọ́n bí n'Íjẹ̀bú-Òde ní 1882, tó jẹ́ pé òun la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tá a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán lọ́nà ti òyìnbó nílẹ̀ wa, àwòrán inú ìwé àti magasíìnì òyìnbó ló ń wò yà nígbà tó wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ. Ó ti ya àwòrán Mrs Spencer Savage ní 1906 kó tó di pé ó lọ kàwé ní London ní 1920. Nígbà tó sì padà dé tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó, ó fi ọ̀rọ̀ perspective (bí nǹkan ṣe ń kéré lójú bó ṣe ń jìnnà) há wọn létí débi pé "Mr Perspective" ni wọ́n ń pè é. Ṣé olè nìyẹn? Ní mùsíọ́mù Louvre ní Paris gan-an, wọ́n máa ń fún àwọn èèyàn láyè láti gbé easel (igi tí wọ́n ń gbé kánfáàsì lé) síwájú iṣẹ́ àwọn àgbà kí wọ́n máa kọ́pì, òfin wọn kàn ni pé kọ́pì náà ò gbọ́dọ̀ bá ojúlówó dọ́gba ní ìwọ̀n, ó gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí i tàbí kó fi jù ú. Ìgbà tó máa di olè ni tó o bá kọ orúkọ ẹ síbẹ̀ tó o ní ìwọ lo ronú ẹ̀. Kọ ọ́ sẹ́yìn kánfáàsì pé àwòkọ iṣẹ́ Hammershøi ni, ó tán. Òun náà ti kú láti 1916, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ ṣẹjọ́. Àmọ́ artist tó ṣì wà láyé, tó ń tà á jẹ níbí, ìyẹn ọ̀tọ̀ o, lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó yá, oòrùn. Ìwọ rò pé oòrùn funfun ni, lo bá gbé titanium white lo fi fà á. Ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀? Àmọ́ lọ mú páálí kékeré kan, fi bírò lu ihò méjì sí i, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju hóró ẹ̀wà lọ, kí wọ́n súnmọ́ra. Gbé e lé ojú fóònù ẹ kí ihò kan bọ́ sórí ìtànṣán oòrùn yẹn, kí èkejì bọ́ sára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o má rí nǹkan míì. Wàá rí i pé ohun tó ò ń pè ní funfun, àwọ̀ eérú ni, eérú tó mọ́ díẹ̀, tí ìyeyè díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín òun àti ògiri ò tó nǹkan rárá. Ohun tó mú un ràn lójú ẹ ni pé gbogbo yàrá tó kù ṣe bàìbàì, kò síbì kankan níbẹ̀ tó ń bá a du ìmọ́lẹ̀. Fìtílà ni kó o fi wò ó. Tan fìtílà lọ́sàn-án gangan ní Dùgbẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé o tan nǹkan? Tan án lálẹ́ tí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo àdúgbò á rí i, fìtílà kan náà ni, epo kan náà ni. Tìẹ, ògiri ẹ ti mọ́ jù kí oòrùn tó dé, nígbà tí oòrùn wá dé kò rí ààyè tó máa fi mọ́ ju ògiri lọ, lo bá ń bu funfun lé e, àmọ́ kò sí funfun míì lẹ́yìn funfun inú tọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló parí sí.

Bí nǹkan ṣe mọ́ sí tàbí ṣú sí yìí la máa ń pè ní tóònù láàárín ara wa (kì í ṣe dò-rè-mí ti àmì ohùn o), òun sì ni gbogbo iṣẹ́ irú yàrá yìí. Àwọ̀ ò tó nǹkan níbẹ̀. Hammershøi fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lo àwọ̀, eérú, ilẹ̀, funfun tó dọ̀tí, ó parí. Tó o bá mú tóònù, kódà kó o fi aró nìkan ya á, oòrùn á ràn. Tó o bá pàdánù tóònù, kò sí ọ̀dà olówó iyebíye tó máa gbà ẹ́.

Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé ìtànṣán yẹn kì í ṣe nǹkan tó dá dúró bí igi tàbí bí okùn. Eruku ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ń gba inú afẹ́fẹ́ tó mọ́ kọjá, èèyàn ò lè rí i láti ẹ̀gbẹ́, eruku tó ń fò kiri ló ń gbà á mú tó ń tú u ká wá sójú wa. Orúkọ tí àwòrán yẹn ń jẹ́ lédè wọn gan-an, ijó eruku nínú ìtànṣán oòrùn ló túmọ̀ sí, ní 1900 ló yà á, nínú ilé tóun àti Ida ìyàwó ẹ̀ ń gbé ní Strandgade 30 ní Copenhagen, ibẹ̀ ni wọ́n wà láti 1898 títí di 1909. Ọmọ Ìbàdàn ni ẹ́, àbúrò, ó yẹ kó o mọ ọ̀rọ̀ eruku jù wọ́n lọ! Wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Bẹẹrẹ lásìkò ọyẹ́, láàárọ̀ kùtù, dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pánù orí ilé ti dípẹtà, ihò ìṣó ti wà lára ẹ̀, wàá rí okùn ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín láti òkè wá sílẹ̀, tí ìyá àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, ńṣe ni okùn yẹn á ki sí i lójú ẹ, tó bá bu omi wọ́n ilẹ̀ tí eruku rọlẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Oòrùn ò yí padà o, eruku ló yí padà.

Tó o bá ti gba èyí, ọwọ́ ẹ á yàtọ̀. Ìtànṣán yẹn bo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò pa á rẹ́. Ibi tó ṣú lẹ́yìn ẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, kò ní ṣú tó bó ṣe yẹ mọ́, àmọ́ ojú á ṣì máa rí ìlà ògiri tàbí etí ilẹ̀kùn gba inú ẹ̀ kọjá. Ibi tó bá ti jáde láti fèrèsé, etí ẹ̀ á mú díẹ̀, bó ṣe ń jìnnà ló ń tú. Torí náà ya yàrá náà tán pátápátá ná, láìsí ìtànṣán, kó ṣe bàìbàì ju bí ọkàn ẹ ṣe fẹ́ lọ. Jẹ́ kó gbẹ. Kó o wá po funfun mọ́ ochre (ọ̀dà ìyeyè tó jọ amọ̀) díẹ̀ àti eérú tó o fi ya ògiri, nu búrọ́ọ̀ṣì mọ́ àkísà títí tó máa fi ku díẹ̀ péré lẹ́nu ẹ̀, kó o máa rà á lórí ibẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá ti pọ̀ jù, fi àkísà tútù nù ún kó tó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ki. Ohun tó sọ tìẹ di ìlà ẹfun ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà lo fà á, ó sì ki.

Àmọ́ o, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ nìkan, fóònù náà ń purọ́ fún ẹ. Fóònù ní iná nínú, kánfáàsì ò ní, ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ lé kánfáàsì ló máa dá padà. Tó o bá ń bá fóònù díje nínú títàn, wàá fìdí rẹmi, wàá sì máa bu funfun. Din iná fóònù kù títí tí funfun orí ẹ̀ á fi jọ bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pa kiní tó máa ń yí iná fúnra ẹ̀ yẹn, kó o sì pa èyí tó máa ń sọ ojú fóònù di pupa rẹ́súrẹ́sú lálẹ́. Má sì sọ pé o máa lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní business centre kó lè yanjú, eérú ló ṣòroó tẹ̀ jù lọ, ẹ̀rọ kan á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, òmíràn á sọ ọ́ di elésè àlùkò. Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ọ̀gá mi tó ní àwòrán obìnrin tó ń da wàrà, èyí tí Vermeer, ayàwòrán ará Netherlands ayé àtijọ́, yà. Mo kọ́pì ẹ̀ fún odidi oṣù méjì, mo ya ògiri ẹ̀ ní ìyeyè bí ògì àgbàdo tó ti pẹ́ nílẹ̀, inú mi dùn, mo ní mo mú un. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni mo tó rí fótò ẹ̀ tó dáa, ògiri yẹn funfun! Eérú àti aró ló wà nínú funfun ẹ̀, ó tún ní ihò ìṣó lára bíi tàwa. Kàlẹ́ńdà yẹn ni oòrùn ti pa, èmi wá fi oṣù méjì kọ́pì bí oòrùn ṣe ń ba bébà jẹ́. Torí náà wá fótò mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mùsíọ́mù tó ni ín, Ordrupgaard ló ń jẹ́, lẹ́bàá Copenhagen, fi wọ́n wéra. Tí wọ́n bá yàtọ̀ síra ní àwọ̀, má jà, tóònù ni kó o mú.

Ti alẹ́ tó o ń yà yẹn náà wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀bù tó pọ́n máa ń gbé ìyeyè mì, wàá bù ú títí, tílẹ̀ bá mọ́ wàá rí i pé o ti sọ yàrá di ẹ̀wà àgànyìn. Bọ́ọ̀bù funfun àwọn Ṣáínà yẹn á tún ṣe òdìkejì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè lọ́sàn-án, mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o fi POS sílẹ̀. Lálẹ́, yà á ní eérú nìkan, kò sí ewu níbẹ̀. Àwọ̀, fi í sí ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí oòrùn ò ti kan kánfáàsì ní tààrà.

Ọ̀rọ̀ oil wá ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún ẹ, fún irú etí tó rọ̀ bẹ́ẹ̀, oil rọrùn jù, torí ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, o lè padà wá lọ́jọ́ kejì kó o máa fi búrọ́ọ̀ṣì rọ̀ ọ́. Acrylic, pàápàá nínú ooru ibí yìí, kó o tó yíjú ó ti gbẹ, lásìkò ọyẹ́ sì rèé, ó lè gbẹ sórí búrọ́ọ̀ṣì. Ó tún ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ó máa ń ṣú díẹ̀ tó bá gbẹ, torí gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ dà bíi wàrà nígbà tó tutù, tó bá gbẹ á mọ́ gaara. Nítorí náà tóònù tó o pò lálẹ́ kọ́ lo máa bá láàárọ̀. Fi díẹ̀ ra etí páálí, fi fáànù gbẹ ẹ́, wò ó kó o tó lò ó. Àmọ́ oil ní ìnáwó tiẹ̀, ó ní òórùn tápẹ́ńtáìnì tí ò dáa nínú yàrá kan ṣoṣo tó o ń sùn sí, àwọn kan a sì máa fi kẹrosíìnì pò ó torí owó, kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ sínú ọ̀dà, kò dáa. Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ́, màá dúró sórí acrylic ọdún yìí, màá fi owó oil ra funfun tó dáa, ultramarine (aró), burnt umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú) àti yellow ochre. Ultramarine àti burnt umber tó o bá pò wọ́n á fún ẹ ní dúdú tó jinlẹ̀, umber pọ̀ sí i á gbóná lójú, aró pọ̀ sí i á tutù lójú, fi funfun kún un o ti ní gbogbo eérú inú yàrá yẹn. Gbé tọ́ọ̀bù dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ ẹ tó dárúkọ ojúlówó ọ̀dà ò parọ́ tán o, ọ̀dà pọ́ọ́kú máa ń ṣàn, kì í bo nǹkan, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló pa oòrùn ẹ.

Bí mo ṣe fẹ́ kó o ṣe é nìyí. Ojúlówó àwòrán yẹn 70 cm ní gíga, 59 cm ní fífẹ̀, dá a sí méjì, 35 sí 29 àti ààbọ̀, o ò ní fi ọ̀dà ṣòfò. Kó o tó fọwọ́ kan kánfáàsì, gé páálí indomie, fi ọ̀dà ilé funfun kùn ún, ya yàrá náà sórí ẹ̀, kó má tóbi ju káàdì ìkíni lọ, tóònù mẹ́rin péré, kò sí ìlà gíláàsì, kò sí ọnà ara ilẹ̀kùn, ogún ìṣẹ́jú. Di ojú ẹ títí tó fi ku bíńtín tó o bá ń wò ó, gbogbo wẹ́wẹ́ á lọ, á ku ibi tó ṣú àti ibi tó mọ́. Ṣe mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ó máa sú ẹ ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá mi fi kọ́ọ̀pù tángaran funfun kan lórí aṣọ funfun dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sunkún. Yí fóònù sí dúdú-àti-funfun, ya fótò tìẹ, gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ibi tó yàtọ̀ á pariwo. Ìgbà tí páálí kan bá ràn lójú ẹ láti ìdí ilẹ̀kùn, ìgbà yẹn ni kó o tó lọ sórí kánfáàsì.

Kọ́pì náà ní ibi tí agbára ẹ̀ mọ. Èmi gan-an ò tíì fojú ara mi rí àwòrán yẹn, lórí fóònù bíi tìẹ ni, fóònù ò sì lè sọ fún wa bí ọ̀dà ṣe ki sí tàbí bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe rìn. Ju ìyẹn lọ, ẹni tó ń kọ́pì ò pinnu ohunkóhun: ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí, wákàtí tó yẹ, nǹkan tó yẹ kéèyàn kó kúrò nínú yàrá, ẹlòmíì ti bá ẹ ronú ẹ̀. Ọkùnrin yẹn padà sí igun yàrá kan náà yẹn, ó tún yà á lálẹ́ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, ìyẹn wà ní New York báyìí. Ó mọ yàrá ẹ̀ bí ìwọ ṣe mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ. Torí náà má kọ́pì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá o, ẹ̀ẹ̀kan tó dáa tó. Lẹ́yìn ẹ̀, tìẹ ló kàn. Oòrùn tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, tiwọn máa ń rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà òtútù, ó ń wọlé gbọọrọ, tiwa lọ́sàn-án orí òrùlé ló ń wà, àfi àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ló máa ń yà wọlé, bóyá fún ogójì ìṣẹ́jú. Tó o bá ráyè, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican ní Sámọ́ńdà, èyí tí Demas Nwoko yàwòrán ilé ẹ̀, jókòó sẹ́yìn, kó o wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé àti ibi tí wọ́n ti dí i. Tó ò bá ráyè, ṣọ́ọ̀bù ẹ náà ní ẹnu ọ̀nà. Tó o bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn irin yẹn nírọ̀lẹ́, fà á dé àárín ná, kó o wo ohun tí oòrùn Òkè-Àdó ń ṣe sórí tábìlì POS yẹn nínú eruku ọkọ̀.

Tó o bá ti ya páálí mẹ́fà yẹn tán, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kó o tó bẹ̀rẹ̀ kánfáàsì. Ìta níbi ibòji ni kó o ti ya fótò wọn o, má tan flash.